Oníbodè Ìrora: Ìtàn Iná Mànàmáná Nínú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú lálẹ́ òní kò ṣe àjèjì sí ilé kankan, nítorí agbo ilé tí kò ní ẹnì kan tí ìrora ń bá fínra láti ọdún dé ọdún ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ni í ṣe lákáǹlákàn tọ alábẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yọ ẹ̀gún náà tán ńkọ́, tí ojú ọgbẹ́ ti jiná, síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò yé dun ni? Ta ni a ó tún tọ̀ lọ? Abẹ́rẹ́ wo ni yóò yọ ohun tí ojú kò rí?

Ọ̀nà méjì ni ìrora pín sí. Èkíní ni ìrora tí ń ṣe iṣẹ́ olùṣọ́. Bí ọwọ́ bá kan iná, òun ni í kígbe pé kí a tètè fà á sẹ́yìn. Bí eegun bá kán, òun ni í kìlọ̀ pé kí a má ṣe tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìrora bẹ́ẹ̀ a máa lọ nígbà tí ohun tí ó fà á bá lọ, ọ̀rẹ́ ara sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ le. Èkejì ni ìrora tí kì í lọ bọ̀rọ̀, èyí tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta lára ènìyàn. Olùṣọ́ yìí ń pariwo olè nígbà tí olè ti lọ tipẹ́tipẹ́. A rí i lára ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn ti jiná, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ń jó o bí ẹni pé wọ́n fi iná sí i. A rí i lára àwọn kan tí àtọ̀gbẹ ti ba iṣan ẹsẹ̀ wọn jẹ́. A rí i lára ẹni tí wọ́n ti gé apá rẹ̀, tí ìka tí kò sí mọ́ ṣì ń dùn ún.

Ìtàn ọ̀kan nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe sí irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Wọn a fi wáyà tín-ín-rín sí inú ihò eegun ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí í ṣe okùn rírọ̀ tí ń gbé iṣẹ́ láti ara lọ sí ọpọlọ, tí ó sì ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ara. Wọn a so wáyà náà mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí bátìrì wà nínú rẹ̀, wọn a sì tẹ́ ẹ̀rọ náà sí abẹ́ awọ, ní ikùn tàbí ní òkè ìdí. Ẹ̀rọ yìí a máa ta iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò wo àrùn sàn. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni láti dá ariwo ìrora dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ méjì péré ni a ó fà yọ nínú ìtàn náà. Èkíní ni pé kí a gba ẹni tí ara ń ro gbọ́. Èkejì ni pé kí a yẹ iṣẹ́ ẹni tí ó ní òun yóò wò ó wò fínnífínní. Nígbàkígbà tí a bá mú ọ̀kan tí a fi èkejì sílẹ̀, ẹni tí ara ń ro ni ó máa ń jìyà rẹ̀.

Kí ènìyàn tó mọ ohun tí à ń pè ní iná mànàmáná ni ó ti mọ ẹja tí ó ní in lára. Ẹja òjijí ń bẹ nínú odò Ọya tiwa, ó sì ń bẹ nínú odò Náílì. Apẹja tí ó bá ṣèèṣì fi ọwọ́ kàn án kò ní gbàgbé ọjọ́ náà, nítorí jìnnìjìnnì a mú un láti ìka dé èjìká. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára ògiri ibojì ìjòyè kan tí ń jẹ́ Ti, ní Saqqara, ó ti lé ní 4,000 ọdún báyìí. Irú ẹja mìíràn tí ó ní agbára kan náà ń bẹ nínú òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Kristi, oníṣègùn ará Róòmù kan, Scribonius Largus, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tí orí ń fọ́ láìdábọ̀ lè gbé ẹja náà láàyè sí ibi tí ó ń dùn ún títí ibẹ̀ yóò fi kú tipiri. Ó ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí ó sì ń ta á, kí ó dúró létí òkun, kí ó tẹ ẹja náà mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kú dé orúnkún.

Kì í ṣe ilẹ̀ Róòmù nìkan ni a ti rí irú nǹkan báyìí. Ní ọdún 1857, George Wilson, olùkọ́ àgbà kan ní Edinburgh, kọ àròkọ kan nípa ẹja oníná. Ó gbà á lẹ́nu àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland tí wọ́n wà ní Calabar ìgbà náà pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi ẹja yìí tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò le, pé wọn a fi ẹja sínú omi, wọn a sì jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ kàn án tàbí kí ó wẹ̀ níbẹ̀. Wilson rí i kedere pé ẹja wọ̀nyí ni ẹ̀rọ iná mànàmáná àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn lò. A kò sọ pé ẹni tí ó wẹ̀ pẹ̀lú ẹja ní Calabar ni ó kọ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ wọn. Ohun tí a ń wí ni pé ìrora kò mọ ẹ̀yà, ọgbọ́n àtiṣẹ́gun rẹ̀ náà kò sì mọ ẹ̀yà.

Láti ara ẹja ni a ti bọ́ sára ẹ̀rọ. Ní ọdún 1745 àti 1746, àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti ní ìlú Leiden ní Họ́láǹdì rí ọ̀nà láti tọ́jú iná mànàmáná pamọ́ sínú ìgò. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wo àìsàn. Ọ̀kan nínú wọn ni John Wesley, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọdún 1756 ó ní ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èrò aláìsàn sì pọ̀ débi pé ó ní láti ya wákàtí sọ́tọ̀ fún wọn, kí ó sì la ibòmíràn sí i láàárín ìlú. Ní ọdún 1760 ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọkàn rere ni Wesley fi ṣe é, nítorí àwọn tálákà tí wọn kò lówó dókítà ni ó ń ro. Ó gba àwọn aláìsàn gbọ́, ó sì kọ ìròyìn àwọn tí ara wọn yá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tí ó fi lè mọ iye nínú wọn tí ara wọn ìbá ti yá láìfi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Nítorí èyí, nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, àwọn oníjìbìtì ti bọ́ sí ìdí òwò náà. Wọ́n ń ta ìgbànú oníná fún gbogbo àìsàn tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀run, àwọn dókítà tí ó mọ iyì ara wọn sì yẹra.

Ẹ jẹ́ kí a fi iná mànàmáná sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ìrora jẹ́. René Descartes, amòye ará Faransé, kú ní ọdún 1650. Ìwé rẹ̀ nípa ara ènìyàn jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1662. Ó ní bí iná bá kan ẹsẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé a fa okùn kan tí agogo wà lókè rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ìdí okùn, ọpọlọ ni agogo. Bí a bá fa okùn, agogo á dún. Àlàyé yìí rọrùn, ó sì dùn ún gbọ́, nítorí náà ó jọba fún 300 ọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tìdí rẹ̀ yọ. Bí ìrora bá jẹ́ okùn, oògùn rẹ̀ ni kí a gé okùn náà. Ní ọdún 1912, àwọn dókítà méjì ní Philadelphia, Spiller àti Martin, tẹ ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ti gé apá kan okùn ọ̀pá ẹ̀yìn láti pa ìrora. Ó fún àwọn kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń pa lọ ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀, ìrora náà padà wá. Okùn ti já, agogo ṣì ń dún.

Èyí tí ó burú jù ni pé, bí kò bá sí ohun tí ó fa okùn, kò yẹ kí agogo dún. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń kérora láìsí ọgbẹ́ di òpùrọ́ tàbí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lójú àwọn ènìyàn. Mélòó nínú yín ni ó ti gbọ́ ọ rí kí wọ́n wí fún ìyá àgbà pé, "Ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà yín, kò sí nǹkan tí ń ṣe yín"? Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò gbà gbọ́ a máa sú ará ilé.

Kò sì ṣe pé ẹ̀rí kò sí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865, dókítà kan tí ń jẹ́ Silas Weir Mitchell kọ ìtàn àwọn ọmọ ogun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí a ti gé ṣì ń dùn wọ́n. Ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Henry Beecher tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Ítálì. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọgbẹ́ wọn jinlẹ̀ ni kò béèrè oògùn ìrora. Ọgbẹ́ ńlá wà, ìrora kò tó o. Ní ti àwọn ti Mitchell, ìrora ńlá wà, ẹsẹ̀ gan-an kò sí. Okùn àti agogo kò lè túmọ̀ méjèèjì.

Ní ọdún 1965 ni ìyípadà dé. Ronald Melzack, ọmọ Kánádà tí í ṣe onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti Patrick Wall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe dókítà àti onímọ̀ nípa iṣan ìmọ̀lára, ti pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà wọ́n tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n sì wí pé ẹnubodè kan ń bẹ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn àwọn ìlú wa àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Àlejò kì í ṣàdédé wọlé tọ ọba lọ. Oníbodè ń bẹ lẹ́nu odi ìlú. Ó lè jẹ́ kí ẹnì kan kọjá, ó sì lè dá ẹlòmíràn dúró. Bí èrò ọjà bá pọ̀ lẹ́nu ibodè, ẹni tí ó mú ìròyìn ibi lọ́wọ́ lè ṣàìrí àyè wọlé. Bí ọba bá sì ránṣẹ́ láti ààfin pé kí a ti ibodè, oníbodè kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé èéṣe. Nínú ara, àwọn iṣan tín-ín-rín ni ó ń mú ìròyìn ìrora bọ̀. Àwọn iṣan tí ó nípọn ni ó ń mú ìròyìn ìfọwọ́kàn wá, àwọn ni èrò ọjà. Ọpọlọ ni ààfin. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá fi orúnkún gbálẹ̀, ìyá rẹ̀ a fi ọwọ́ ra á, ara a sì tu ọmọ náà díẹ̀, nítorí ìfọwọ́kàn ti kún ẹnu ibodè. Ìdí sì nìyí tí ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú fi lè ṣàìmọ ìrora ọgbẹ́ rẹ̀, nítorí ààfin ti pàṣẹ. Àwọn onímọ̀ ti tún ọ̀pọ̀ nínú àlàyé yìí ṣe láti ìgbà náà, àwọn apá kan kò sì rí gẹ́gẹ́ bí Melzack àti Wall ti yà á. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró: ara ń ṣe àtúntò ìròyìn ìrora kí ó tó dé ọpọlọ, ọpọlọ pàápàá sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè kan ti jáde. Bí iṣan tí ó nípọn bá ń ti ibodè, ṣé a kò lè mọ̀ọ́mọ̀ jí wọn? Iná mànàmáná tí kò pọ̀ a máa jí iṣan tí ó nípọn kí ó tó jí tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ àwọn iṣan nípọn wọ̀nyí sì kóra jọ sí apá ẹ̀yìn okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an, níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ti lè tó wọn. Wall àti William Sweet, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Boston, kọ́kọ́ dán an wò lára ara wọn: wọ́n ki abẹ́rẹ́ oníná bọ iṣan abẹ́ ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dán an wò lára aláìsàn mẹ́jọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1967 wọ́n ròyìn pé, nígbà tí iná ń ṣiṣẹ́, títẹ ibi tí ó ń dunni tẹ́lẹ̀ kò mú ìrora wá mọ́. Fún mẹ́rin nínú wọn, ìṣẹ́jú méjì iná fún wọn ní ìsinmi tí ó lé ní ààbọ̀ wákàtí.

Ní ọdún kan náà ni Norman Shealy, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, gbé e dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ti kọ́kọ́ dán an wò lára ológbò. Ẹni tí ó bá a ṣe wáyà fún lílò lára ènìyàn ni Thomas Mortimer, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ Case ní ìlú Cleveland. Ní oṣù kẹta ọdún 1967, Shealy fi í sára ọkùnrin ẹni 70 ọdún kan tí jẹjẹrẹ ti mú nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ìrora àyà àti ikùn kò jẹ́ kí ó sinmi. Nígbà tí wọ́n tan iná náà, ìrora rẹ̀ rọlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi kú, nítorí àìsàn ti jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn pé a ti rí ẹni tí ó lè bá oníbodè sọ̀rọ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Aláìsàn kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù déédéé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ọ̀pá ẹ̀yìn fún títà. Oníṣẹ́ abẹ ní láti ṣí eegun ẹ̀yìn kí ó tó fi wáyà sí i. Wáyà ń já. Ibi tí wọ́n ṣí ń kẹ̀. Omi tí ó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká ń jò nínú àwọn kan. Àwọn mìíràn rí ìsinmi fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn èyí ìrora padà. Wọ́n ti gba aláìsàn gbọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní sùúrù láti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn wò.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ nínú àwọn ènìyàn ńlá inú ìtàn yìí ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970, Shealy dáwọ́ iṣẹ́ abẹ náà dúró. Ó ti dá ibùdó ìtọ́jú ìrora sílẹ̀ ní ìlú La Crosse ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní ọdún 1971, ó sì gbájú mọ́ ọ̀nà tí kò béèrè abẹ. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ wà lára nǹkan kan, tí ó sì wí pé kò tíì tó bẹ́ẹ̀, irú wọn kò pọ̀. Ohun ìyàlẹ́nu kan sì tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, tí wọ́n ń lò láti mọ ẹni tí iṣẹ́ abẹ náà yóò bá lára mu, ni wọ́n rí i pé ó ń tu àwọn kan lára fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni irú ẹ̀rọ tí àwọn olùtọ́jú iṣan àti eegun ṣì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn títí di òní.

Àwọn tí wọ́n dúró ti iṣẹ́ náà kọ́gbọ́n. Wọ́n rí ọ̀nà láti fi abẹ́rẹ́ ńlá ti wáyà wọlé láìṣí eegun, wọ́n sì ń fi í sí ẹ̀yìn ìwọ̀ tí ó bo okùn náà, kì í ṣe inú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní ìdánwò ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá rí ìsinmi, wọn a fa wáyà yọ, wọn kò ní tẹ́ ẹ̀rọ sí abẹ́ awọ. Ní ọdún 1976, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fún ìjọba ní agbára láti máa yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ wà nínú ara pátápátá dé. Ṣáájú èyí, aláìsàn ní láti so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ìta ara.

Nígbà tí ó di ọdún 2007, ìwádìí kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwòsàn para pọ̀ ṣe jáde. Aláìsàn 100 ni wọ́n lò, àwọn tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kò mú ìrora ẹsẹ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ ni ìrora ẹsẹ̀ wọn dínkù dé ìdajì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, ìdá 9 péré ni. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó gba ẹ̀rọ tí wáyà, ẹ̀rọ tàbí ojú abẹ ti fún ní wàhálà. Ní ọdún 2008, àjọ NICE tí ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn fi ọwọ́ sí ìtọ́jú náà fún ìrora tí ó ti ara iṣan wá, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ìrora náà ti tó oṣù mẹ́fà láìka ìtọ́jú mìíràn sí, kí ìdánwò sì ti yọrí sí rere.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nígbà náà. Kò tíì bùṣe. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba ẹ̀rọ mọ̀ pé òun gbà á, nítorí ara rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ìrètí nìkan lè mú ìrora rọlẹ̀, nítorí ààfin lè ránṣẹ́ sí oníbodè. Báwo ni a ó ṣe mọ iṣẹ́ iná yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìrètí? Ọ̀nà yọ nígbà tí wọ́n rí irú iná tuntun tí ara kì í mọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn dókítà ní Norway tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 50 tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí lára. Wọ́n ń tan ẹ̀rọ náà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ń pa á fún oṣù mẹ́ta, aláìsàn kò sì mọ èwo ni èwo. Ìnira wọn dínkù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n iye tí ó dínkù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yálà ẹ̀rọ wà ní títàn tàbí ó wà ní pípa.

Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ Cochrane, tí ń ṣe àkójọ ìwádìí ìṣègùn, gbé ìwádìí 13 lórí ẹ̀yìn dídùn yẹ̀ wò. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà má ṣe ẹ̀yìn dídùn lóore ju àfarawé ìtọ́jú lọ nígbà tí ó bá di oṣù mẹ́fà. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò gbà. Wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn ará Norway gbà fi iná ránṣẹ́ kò bá ti gbogbogbòò mu, wọ́n sì tọ́ka sí irú àìsàn mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún, gẹ́gẹ́ bí ìrora ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ, èyí tí Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ní ọdún 2021. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Kí ni kí a wá mú lọ sílé? Ẹ má ṣe sọ pé àwọn ará Norway wọ̀nyí purọ́, tàbí pé ìrora wọn kò jẹ́ òótọ́. Ìrora wọn jẹ́ òótọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ, ìsinmi wọn sì jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a ń bi léèrè ni ibi tí ìsinmi náà ti wá. Bí ìrètí, àbójútó àti ìfẹ́ni bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀, kí a lè máa fi wọ́n fún ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ, nítorí owó ńlá ni ẹ̀rọ yìí ń náni. Bí iná bá sì ń ṣe ju ìyẹn lọ fún irú àwọn aláìsàn kan, ó yẹ kí a mọ àwọn náà, kí a má ṣe ṣí ẹ̀yìn ẹlòmíràn lásán.

Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ẹbí yín tí ó wà lókè òkun, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, bá bá ara yín níwájú dókítà tí ó dárúkọ ẹ̀rọ yìí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fi ìkánjú gbà. Ẹ béèrè irú ìrora tí ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ béèrè ìdánwò ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wáyà bá já, àti ẹni tí yóò san owó àtúnṣe rẹ̀. Dókítà rere kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí, ohun kan ṣì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún, agogo Descartes mú kí ayé máa pe ẹni tí ara ń ro ní òpùrọ́. Oníbodè Melzack àti Wall dá wọn láre ní ọdún 1965. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹjọ́ náà yí padà nínú ilé wa. Nígbà tí ìyá àgbà bá tún wí pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ọ.

Àwọn àlejò wa ti wà níkàlẹ̀ báyìí, wọn yóò sì tú iṣu náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ wọn.